Ṣé dandan ni kí agbanisíṣẹ́ kéde àyè iṣẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́?

Ọmọ Ọ̀jọ́ọ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin àti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ ìjọba rí.

Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan níbí ni mo ti ṣe agùnbánirọ̀. Kí aago mẹ́jọ tó lù ni mo ti máa ń débẹ̀, èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn fáwọn ọ̀gá. Nígbà tí mo parí, mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbà mí. Wọ́n ní kò sí àyè, pé Àbújá ló ń gbani síṣẹ́, pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí, màá rí i nínú ìwé ìròyìn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò lọ dúró nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn. Lóṣù tó kọjá, mo padà lọ gba ìwé kan níbẹ̀, mo bá èèyàn mẹ́rin tuntun lórí àga. Ọ̀kan jókòó sídìí tábìlì tí mo lò. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, kò fi pamọ́, pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ló mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wá bá òun nílé.

Ìyẹn ò tíì tán lára mi tí àbúrò mi obìnrin fi gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì aládàáni kan ní Bódìjà ti gba akọ̀wé owó. Wọn ò kéde, wọn ò lẹ ìwé mọ́ ibì kankan.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé òfin kankan ní kí wọ́n kéde iṣẹ́ kí wọ́n tó gbani? Ṣé bákan náà ni ti ìjọba àti ti aládàáni? Bí òfin bá wà, ọ̀dọ̀ ta ni mo lè gbà lọ?

Ìyá Oníbúrẹ́dì (Òṣogbo)

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó dùn mí fún ọ gan-an.

Ṣùgbọ́n nítorí òtẹ́ẹ̀lì tó o dárúkọ yẹn, jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún àwa tí a ní iṣẹ́ kéékèèké. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe, èèyàn mẹ́rìnlá ló wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́dún kan, mo lẹ ìwé mọ́ géètì pé mò ń wá ẹni tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá kó ọjà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo nílò. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà ò ṣeé gbà mọ́. Mo rí ọmọ yunifásítì, mo rí olùkọ́ tí wọn ò sanwó fún, mo rí abilékọ tó gbé ọmọ pọ̀n. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Èwo ni n ó mú, èwo ni n ó ní kó máa lọ ilé? Láti ìgbà náà, bí àyè bá ti ṣí, àwọn òṣìṣẹ́ mi ni mo máa ń bi pé, “Ta lẹ mọ̀ tó lè ṣe é?” Ẹni tó bá mú un wá ni yóò ṣe onídùúró fún un. Owó ni mo fẹ́ fi lé e lọ́wọ́, mo gbọ́dọ̀ mọ agboolé rẹ̀.

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò, ṣé mo ṣẹ̀ sófin ni?

Agbẹjọ́rò (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Màmá ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ẹ ò ṣẹ̀ sófin kankan, mà. Labour Act tó ń darí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ní Nàìjíríà kò sọ níbì kankan pé kí aládàáni kéde àyè iṣẹ́. Ẹ lè gba ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ lè gba ọmọ aládùúgbò, ẹ lè bi àwọn òṣìṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣe. Ohun tí òfin náà béèrè lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá ti gba òṣìṣẹ́ ni kí ẹ kọ àdéhùn iṣẹ́ sínú ìwé, kí ó tó pé oṣù mẹ́ta tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́: irú iṣẹ́ tó jẹ́, iye owó àti ìgbà tí ẹ ó máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ fún ẹnì kejì kí wọ́n tó pínyà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ yẹ ọ̀dọ̀ yín wò bóyá ẹ ti ṣe ìyẹn fún àwọn mẹ́rìnlá náà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ẹjọ́ àwọn oníléeṣẹ́ kékeré, kì í ṣe níbi ìkéde. Bó bá sì jẹ́ aṣojú lẹ háyà kó bá yín wá òṣìṣẹ́, òfin kan náà ní kí aṣojú yẹn ní ìwé àṣẹ mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ohun tí aládàáni ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kó ti ẹnì kan sẹ́yìn nítorí ohun tí òfin ní a ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ ti èèyàn sẹ́yìn. Òfin tó dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara, èyí tí Ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kìíní ọdún 2019, kan aládàáni. Ti àwọn tó ní kòkòrò HIV náà wà, ọdún 2014 ni. National Industrial Court ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì lè dákẹ́ nípa àyè iṣẹ́, kò lè sọ pé arọ ò gbọdọ̀ béèrè.

Ó wá kù tìẹ, àbúrò mi. Tìẹ yàtọ̀, torí owó ìlú ni wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn mẹ́rin yẹn.

Abala 14, ẹsẹ̀ kẹta, nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé gbogbo Nàìjíríà ló ni wọ́n, kí ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ má gba gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Nítorí èyí ni Federal Character Commission ṣe wà. Ìtọ́sọ́nà tí àjọ náà fún gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni pé kí wọ́n kéde àyè iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn méjì, ó kéré tán, tó ń dé gbogbo orílẹ̀-èdè, kí wọ́n sì fún àwọn tó fẹ́ béèrè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán. Èèyàn ò lè mọ̀ bóyá gbogbo ìpínlẹ̀ ló láǹfààní nígbà tó jẹ́ pé inú yàrá kan ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ohun tí wọ́n rò nìyẹn, mo sì gbà pé wọ́n rò ó re.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí i: ìtọ́sọ́nà ni mo pè é, mi ò pè é ní abala òfin. Ibi tí mo ti rí òfin tó la ẹnu rẹ̀ pé “ẹ kéde” láìfi igbá kan bọ̀kan nínú ni ti ipò ọ̀gá yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Bí ipò náà bá ṣí, òfin àwọn yunifásítì ní kí ìgbìmọ̀ polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tí àwọn èèyàn ń kà káàkiri. Fún akọ̀wé ọ́fíìsì bíi tìrẹ, ìtọ́sọ́nà Àjọ lo ní lọ́wọ́, ìtọ́sọ́nà náà sì ní ihò. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wà níbí tó lè sọ ti ihò yẹn jù mí lọ.

Bàbá Fẹ̀yìntì (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Ihò náà ni wọ́n ń pè ní waiver.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló jẹ́ ní ẹ̀ka tó ń mójú tó òṣìṣẹ́. Bí iléeṣẹ́ bá ní iṣẹ́ kan kánjú, tàbí pé àwọn kan kú, àwọn kan fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kàn fẹ́ dí àlàfo, ọ̀gá iléeṣẹ́ lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ̀ǹda fún àwọn láti má kéde. Bí wọ́n bá ti yọ̀ǹda, ó parí. Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọjọ́ ìṣòro di ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà. Ojú mi ló ṣe. Àwọn tó wà nípò ń pín àyè láàárín ara wọn bí ẹni pín ẹran iléyá: èyí ti ọ̀gá àgbà, èyí ti aṣòfin, èyí ti ẹni tó buwọ́ lùwé. Ọmọ tí kò ní ẹnì kankan ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ra ìwé ìròyìn.

Kì í ṣe àròsọ ni mò ń ṣe. Lọ́dún 2016, ariwo ta káàkiri nígbà tí ìròyìn jáde pé báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, gba òṣìṣẹ́ láìkéde, tí orúkọ ọmọ àti ìbátan àwọn èèyàn ńlá sì wà nínú àwọn tí wọ́n gbà. Báńkì náà kò sọ pé irọ́ ni àìkéde yẹn. Ó ní àwọn onímọ̀ pàtó lòun ń wá. Lọ́dún 2023, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ta iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba, Federal Character Commission fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n pè síwájú. Àjọ tó yẹ kó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà! Ó bà mí nínú jẹ́, torí mo mọ àwọn òṣìṣẹ́ rere tó wà níbẹ̀.

Ohun méjì ni kí ọmọ wa yìí mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Èkínní, àwọn ipò kéékèèké, láti ìpele 06 wá sílẹ̀, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń gba èèyàn láti agbègbè ibi tí ọ́fíìsì wà. Pátákó ìkéde nínú ọgbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà, bó bá tilẹ̀ débẹ̀. Èkejì, ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé àwọn mìíràn nínú àwọn mẹ́rin náà wá láti ọ́fíìsì míì ni. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé láti Lọ́kọ́ja wá sí Ìbàdàn kì í ṣe òṣìṣẹ́ tuntun. Béèrè kó o tó fi ẹnu kàn án.

Ẹni Tó Ti Ṣẹlẹ̀ Sí (Ìkòròdú)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un nítorí àwọn tó ń kà tí wọn ò sọ̀rọ̀.

Nítorí pé gbogbo wa ti gbà pé abẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba ń gbà lọ, ó rọrùn fún ẹnì kan láti tà mí ní ohun tí kò sí. ₦350,000 ni mo san. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi kún un. Ọkùnrin náà gbé lẹ́tà fún mi, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Mo wọ mọ́tò òru lọ sí Àbújá. Obìnrin tó wà ní káńtà wo lẹ́tà náà, ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹjọ tó mú irú ẹ̀ wá láàárọ̀ yìí.” Mo jókòó sórí pèpéle, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bí wọ́n bá kéde iṣẹ́ ní gbangba, tí gbogbo èèyàn mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, ta ni ì bá rí mi tà? Òkùnkùn ni olè ń fẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fún iṣẹ́ ìjọba, ẹ má san án. Ẹ pa gbogbo ohun tó bá kọ ránṣẹ́ sí yín mọ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ICPC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu. Mo ti gbé tèmi lọ.

Ìyàwó Ẹnjiníà (Leeds)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á fi èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò.

Èrò ọ̀pọ̀ nílé ni pé níbi táwa wà, òfin ní kí gbogbo iṣẹ́ hàn sójú táyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìlú Ọba, kò sí òfin kan tó fi dandan lé e fún aládàáni. Ohun tó wà ni òfin ọdún 2010 tó ní a ò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú nítorí àwọ̀, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, tàbí ìdí mẹ́fà mìíràn, èyí sì mú kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa polówó torí ẹ̀rù ẹjọ́. Ti iṣẹ́ ìjọba ló yàtọ̀. Òfin mìíràn lọ́dún 2010 kan náà ní kí wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nípa ìdíje tó mọ́, tó sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá kún ojú òṣùwọ̀n. Inú òfin gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ìgbà kan wà tí dandan kan àwọn aládàáni náà, àwa tí a wá láti òkè òkun ló sì kàn jù. Nígbà tí iléeṣẹ́ kan fẹ́ mú ọkọ mi wá lọ́dún 2017, wọ́n ní láti polówó àyè yẹn fún ọjọ́ 28, kó lè hàn pé àwọn tó ti wà nílùú kò lè ṣe é. À ń gbàdúrà nílé pé kí ẹnikẹ́ni má béèrè. Títí dòní ni mo ṣì ń rò ó. Lóṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n fagi lé ìlànà yẹn nígbà tí ètò ìwọ̀lú tuntun bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìfakì (Houston)

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà. Aládàáni lè gba ẹni tó bá wù ú láìkéde. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ bá àjèjì gba ìwé ìgbélùú títí ayé nítorí iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ polówó iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú méjì, kó tún fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 30 lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook gbà láti san tó mílíọ̀nù mẹ́rìnlá dọ́là àti díẹ̀ láti parí ẹjọ́ tí iléeṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà gbé kò ó. Wọ́n ní àwọn iṣẹ́ mìíràn wà lórí ojú òpó iléeṣẹ́ náà tí gbogbo èèyàn lè rí, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yìí, wọn ò gbé e síbẹ̀, wọ́n tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó ni íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́! Lọ́dún 2023, Apple náà gbà láti san tó mílíọ̀nù 25 dọ́là lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, bí a bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kéde, ẹ jẹ́ ká fi ibi tí wọn yóò kéde sí kún un. Ìwé ìròyìn méjì lẹ sọ. Ní abúlé wa lẹ́yìn Ìfakì, mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ ló ń rí ìwé ìròyìn?

Ìyá Àdùkẹ́ (Ìlọrin)

Ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bù ú kù díẹ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bí wọ́n bá ti kéde, wàhálà ti tán. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 2014 ni?

Wọ́n kéde iṣẹ́ Immigration ní gbangba lọ́jọ́ sí. Gbogbo ayé rí i. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó béèrè. Àyè tó wà kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún, àwọn tó béèrè ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Wọ́n wá kó wọn jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ kan náà, ẹnu ọ̀nà díẹ̀ ni wọ́n ṣí. Àwọn ọmọ tẹ ara wọn pa ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna, ní Benin. Aboyún wà nínú àwọn tó kú. Ọmọ tó gbé ìwé-ẹ̀rí dání láàárọ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà fún ìyá rẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n má kéde. Mo ní kí ẹni tó fẹ́ kéde múra sílẹ̀ láti gba àlejò tó pè. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ṣẹ́ àwọn èèyàn kù, kí wọ́n máa pè wọ́n ní ìpín ní ìpín, kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò níṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin Ìyá Oníbúrẹ́dì lẹ́nu géètì yín náà ni, kìkì pé tiyín ò mú ẹ̀mí lọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì (Òṣogbo)

Ìyá Àdùkẹ́, omijé bọ́ lójú mi. Òótọ́ lẹ sọ. Ká ní mo kọ ọ́ pé kí wọ́n ju ìwé sínú àpótí, kí n pe èèyàn mẹ́fà nínú wọn, ojú mi ì bá má rí ohun tó rí lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ni.

Òṣìṣẹ́ Ìgbanisíṣẹ́ (Ìkẹjà)

Iṣẹ́ mi ni láti bá iléeṣẹ́ aládàáni kan gba èèyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ fún àbúrò Ọmọ Ọ̀jọ́ọ̀, torí òun ni ẹ ti gbàgbé.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kì í jáde síta rárá. Bí àyè bá ṣí, ẹni tó ti wà nínú ilé la kọ́kọ́ ń wò bóyá ó lè gòkè. Lẹ́yìn náà la ó bi àwọn òṣìṣẹ́ pé ta ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń polówó, nígbà mìíràn a sì ti mọ ẹni tí a fẹ́ kí ìpolówó náà tó jáde. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kò dára, mo ti bá àwọn ọ̀gá mi sọ ọ́. À ń jẹ́ kí èèyàn ogójì wọ ọkọ̀ wá láti Ṣàgámù wá jókòó síwájú wa lásán.

Àbúrò mi, má dúró de ìkéde. Kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí òtẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá, kó o dárúkọ ohun tó o lè ṣe: “Mo lè fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò owó tó wọlé àti èyí tó jáde lójoojúmọ́.” Má kọ “iṣẹ́ yòówù.” Ẹni tó kọ iṣẹ́ yòówù, a kì í mọ ibi tí a ó fi í sí. Fi nọ́ńbà ẹni tó lè ṣe onídùúró fún ọ sí i kí wọ́n tó béèrè. Nígbà kan, mo rí ọmọbìnrin kan tó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lóṣù kejì, a ò ní àyè. Lóṣù karùn-ún ẹnì kan bímọ, kò padà mọ́, lẹ́tà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fà yọ. Ibi tó o ti ṣe SIWES, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó o wà níléèwé, padà lọ kí wọn. Ẹgbẹ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde níléèwé, má yọwọ́ níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ní ojú òpó tí wọ́n ń pè ní NELEX, ọ̀fẹ́ ni, forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò (Abẹ́òkúta)

Mo padà wá nítorí ìbéèrè rẹ kẹta, àbúrò mi, pé ọ̀dọ̀ ta lo lè gbà lọ.

Má tíì gbé ẹjọ́. Kọ́kọ́ béèrè. Òfin Freedom of Information ti ọdún 2011 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó wà lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, o ò sì ní láti sọ ìdí. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dá ọ lóhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje míì kún un bí ohun tó o béèrè bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, o ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ sì lè bu owó ìtanràn ₦500,000 lé ẹni tó bá fi í dù ọ́ láìnídìí. Kódà òfin náà ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fúnra wọn máa gbé ìwé tó ní orúkọ òṣìṣẹ́, owó oṣù, ipò àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ síta. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́: ohun tó o ń wá gan-an nìyẹn. Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ló ń dùn yín, ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ lóṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ gùn, má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kọ ọ́ báyìí:

“Lábẹ́ òfin Freedom of Information ọdún 2011, mo ń béèrè fún àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ́fíìsì yín gbà láàárín oṣù kìíní sí oṣù yìí: ipò wọn, ìpele wọn àti ọjọ́ tí wọ́n wọlé, orúkọ ìwé ìròyìn tí ẹ kéde àyè náà sí àti ọjọ́ tó jáde, bí ẹ kò bá kéde, ẹ̀dà ìwé ìyọ̀ǹda tí ẹ gbà pé kí ẹ má kéde àti ìdí tó wà nínú rẹ̀.”

Ẹ̀dà méjì ni kó o tẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ tìrẹ, pẹ̀lú ọjọ́. Bí ìdáhùn bá fi hàn pé kò sí ìkéde, kò sí ìyọ̀ǹda, ìgbà yẹn lo ní ohun tó o lè gbé lọ sí ọ́fíìsì Federal Character Commission, wọ́n ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí owó bá ti wọ inú rẹ̀, ti ICPC nìyẹn.

N ò ní tàn ọ́: èyí kò ní sọ pé kí wọ́n gbà ọ́. Ohun tó lè ṣe ni kí ọ̀rọ̀ náà wà lákọsílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ buwọ́ lu èyí tó kàn rántí pé ẹnì kan ń béèrè.

Bàbá Fẹ̀yìntì (Adó-Èkìtì)

Mo fara mọ́ ọn. Mo sì fẹ́ fi ohun kan kún un láti inú ilé. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ìwé tó ń da ọ̀gá láàmú jù kì í ṣe èyí tó bú u. Èyí tó béèrè ọjọ́ àti nọ́ńbà ni, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ fa fáìlì yọ, bí wọ́n bá sì ti fa fáìlì yọ, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Kí ọmọ wa má ṣe dárúkọ ẹni tó bá a sọ òótọ́ yẹn, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Òun náà kò níṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì pa irọ́ fún un.

Ọmọ Ọ̀jọ́ọ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Bàbá, mo gbọ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Mo tẹ lẹ́tà náà lánàá, mo sì gbé e lọ láàárọ̀ òní. Akọ̀wé tó wà níwájú ní òun ò mọ̀ bóyá òun lè gbà á, ó wọlé lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó gbà á, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tèmi. Ó tún ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù mi sẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé àbúrò òun ọkùnrin náà ṣì wà nílé láti ọdún mẹ́ta.

Àbúrò mi ti kọ lẹ́tà mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Òtẹ́ẹ̀lì Bódìjà wà lára wọn. Ọjọ́ keje tèmi bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún mi, màá gbé e wá síbí.